Edé Láàárín Omi Dídùn àti Omi Iyọ̀: Ìtàn Ẹran Odò Kan ní Agbègbè Ìkẹjà àti Agége

Nínú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí inú omi tí àwọn ará Èkó ń jẹ, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn tó edé, tí ó sì jẹ́ pé ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ bí ó ti ń gbé ayé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà, edé, gbòòrò, nítorí ó kó edé wẹ́wẹ́ tí a ń sá gbẹ tí a sì ń lọ̀ sínú ọbẹ̀, èyí tí a ń fi àwọ̀n kó ní ẹnu ibi tí odò ti ń wọ òkun, pọ̀ mọ́ edé odò, èyí tí ó ní apá gígùn méjì tí ó dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, tí akọ rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 18, tí ó sì ń dàgbà nínú omi dídùn, èyíinì ni omi tí kò ní iyọ̀. Edé odò yìí ni ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín. Inú omi dídùn ni ó ti ń jẹ tí ó ti ń mu, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá bí kò lè pẹ́ láyé níbẹ̀, àfi bí ó bá tètè dé inú omi tí iyọ̀ dà pọ̀ mọ́. Nítorí náà, ìtàn edé ní agbègbè Ìkẹjà àti Agége jẹ́ ìtàn ọ̀nà kan, ọ̀nà tí ó so odò mọ́ ọ̀sà, àti ìtàn bí ọmọ ènìyàn ti lo ọ̀nà náà, bí ó ti dí i, àti bí ó ti ń gbìyànjú láti tún un là nínú àpótí dígí.

Irú edé odò méjì ni ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú omi Èkó. Èyí tí ó tóbi jù ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Macrobrachium vollenhovenii, tí Herklots, onímọ̀ nípa ẹranko ní ilẹ̀ Netherlands, kọ àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1857. Èyí tí ó kéré sí i ni Macrobrachium macrobrachion, tí ọkùnrin kan náà ti ṣàpèjúwe ní 1851. Láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Àǹgólà ni a ti ń rí èyí àkọ́kọ́. Edé kì í sì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ ní etíkun yìí, nítorí ó ti sọ odindi orílẹ̀-èdè kan lórúkọ: nígbà tí àwọn Potogí dé ẹnu odò Wouri ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n rí bí edé ti pọ̀ tó níbẹ̀, Rio dos Camarões, tí ó túmọ̀ sí odò edé, ni wọ́n pe ibẹ̀, láti inú orúkọ yìí sì ni Kamẹrúùnù ti wá.

Ilẹ̀ Àwórì ni Ìkẹjà àti Agége, Odò Ògùn sì ni ìtàn Àwórì rọ̀ mọ́. Gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń pa á, Ọlọ́fin Ògúnfúnmínire kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó gbé àwo kan lé ojú omi, ó sì ń tẹ̀ lé e bí ó ti ń léfòó lọ, títí àwo fi rì sísàlẹ̀ omi ní Ìṣẹ̀rí. Wọ́n ní láti inú gbólóhùn náà, àwo rì, ni orúkọ Àwórì ti jáde. Bí a bá fi ojú onímọ̀ ẹja wo ìtàn yìí, a ó rí i pé ọ̀nà tí àwo náà gbà ni edé abo ń gbà lọ́dọọdún, nítorí òun náà a máa gbé ẹyin rẹ̀ tẹ̀ lé ìṣàn omi láti òkè odò wá sí ìsàlẹ̀, níbi tí Ògùn ti ń súnmọ́ ọ̀sà. Odò yìí kan náà ni ilé Yemọja, tí a túmọ̀ orúkọ rẹ̀ sí yèyé ọmọ ẹja, ó sì yẹ kí a ṣàkíyèsí pé àwọn tí ó sọ òrìṣà náà lórúkọ ti gbà pé odò ní ìyá, omi sì ní ọmọ, tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi awò wo ẹyin edé.

Ohun èlò tí a fi ń mú edé odò ni ìgèrè. Ìgèrè jẹ́ apẹ̀rẹ̀ gígùn tí a fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí igi ọ̀pẹ hun, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tí ìdí rẹ̀ sì ṣóńṣó. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà ní ọ̀fun. Ní inú ẹnu ńlá yìí ni a hun ẹnu kékeré mìíràn sí, tí àwọn ọ̀pá rẹ̀ kọjú sínú tí wọ́n sì súnmọ́ ara wọn ní ṣónṣó, débi pé edé tí ó bá ń wọlé yóò rọra fi orí tì í, àwọn ọ̀pá náà yóò sì là fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ padà, orí àwọn ọ̀pá ni yóò bá pàdé. A ó fi ẹyìn, àgbọn tàbí ẹ̀gẹ́ sínú rẹ̀, a ó so ó mọ́ èèkàn lábẹ́ koríko etí omi ní ìrọ̀lẹ́, nítorí òru ni edé ń jẹ̀, a ó sì lọ gbé e ní ìdájí. Apẹja tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ìgbà òjò ni edé ń pọ̀, ó sì mọ̀ pé ìgbà náà ni abo máa ń gbé ẹyin sábẹ́ ikùn. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ilé ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi mọ̀ ọ́n, nítorí edé tí ó lẹ́yin lára a máa wúwo lọ́wọ́ ju èyí tí kò ní lọ.

Òótọ́ ni apẹja náà mú, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí ọ̀sà Èkó ti rí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò bá fà, omi òkun a máa wọlé láti ẹnu ọ̀nà Èkó, iyọ̀ a sì pọ̀ nínú ọ̀sà. Ní ìgbà òjò, omi Ògùn àti ti àwọn odò yòókù a máa ya wọlé, wọn a lé iyọ̀ sẹ́yìn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi nínú ọ̀sà a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi dídùn. Ìkún omi yìí ni ọkọ̀ tí ń gbé ọmọ edé. Ìyá kò ní láti dé òkun fúnra rẹ̀, bí ó bá ti dé ibi tí ìṣàn lè gbé ọmọ rẹ̀ dé inú iyọ̀ ní ọjọ́ mélòó kan, ó ti ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà bá ti gba ìrísí àgbà, òun tìkára rẹ̀ yóò fi ẹsẹ̀ rìn padà sí òkè odò, yóò máa rá ní etí omi lóru, lórí òkúta àti lára gbòǹgbò igi, sí inú omi tí ìyá rẹ̀ ti wá.

Ìwádìí tí ìjọba ń ṣe lórí ẹja bẹ̀rẹ̀ ní Oníkàn, ní Erékùṣù Èkó, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, nígbà tí ìjọba amúnisìn dá ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ẹja sílẹ̀ lábẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun àti ohun inú rẹ̀ ti Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí NIOMR, fìdí múlẹ̀ ní Victoria Island, ọ̀kan nínú àwọn tí ó sì fi ojú sí edé ni M. J. Marioghae, tí ó tẹ ìwádìí jáde ní 1982 lórí bí irú edé odò méjèèjì ti ń gbé nínú ọ̀sà Èkó, tí ó tún padà kọ̀wé ní 1990 lórí ohun èlò tí a fi ń mú wọn àti bí a ti ń tà wọ́n ní agbègbè Èkó. Iṣẹ́ yìí ni ó sọ ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn onígèrè di ohun tí a lè kà nínú ìwé.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Malaysia ni a ti kọ́kọ́ tú kókó ọ̀rọ̀ náà. Shao-Wen Ling, onímọ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ fún àjọ oúnjẹ àgbáyé, FAO, ń gbìyànjú ní Penang láti tọ́ ọmọ edé odò ńlá ti Éṣíà, Macrobrachium rosenbergii, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń pa ni wọ́n ń kú, ohun yòówù tí ó ṣe sí oúnjẹ wọn tàbí sí ìmọ́tótó omi. Ní 1961 sí 1962 ni ó rí i pé nígbà tí iyọ̀ bá wà nínú omi náà ni wọ́n ń yè. Láàárín ọdún mélòó kan sí i, Takuji Fujimura ní Hawaii ti sọ àwárí yìí di iṣẹ́ tí a lè fi tọ́ ọmọ edé lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Gbogbo títọ́ edé odò ńlá tí ó wà ní ayé lónìí, láti Thailand dé Bangladesh, orí iyọ̀ yẹn ni ó dúró lé.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ wo ọmọ edé yìí fínnífínní. Abo yóò lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ àwọn ẹsẹ̀ kéékèèké tí ó fi ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ ìrù, yóò sì máa fẹ́ wọn láìsinmi kí omi tútù lè máa dé ara wọn. Ẹyin rosenbergii a máa pọ́n bí ọsàn. Bí ọjọ́ ti ń lọ, àwọ̀ yẹn a máa ṣá, yóò di eérú, a ó sì máa rí ojú ọmọ bí àmì dúdú méjì nínú ẹyin kọ̀ọ̀kan. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá yóò tú wọn sílẹ̀ lóru. Ohun tí ó jáde kò jọ edé: ó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ díẹ̀, ó mọ́ gaara, orí rẹ̀ kọ sísàlẹ̀, ikùn rẹ̀ kọjú sókè, ìrù rẹ̀ sì ni ó fi ń ṣíwájú bí ó ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ìgbà mọ́kànlá ni yóò bọ́ awọ kí ó tó gba ìrísí edé, èyí sì lè gba oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nínú omi tí ó ní iyọ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 12 nínú lítà kan, èyí tí í ṣe ìdá mẹ́ta iyọ̀ inú òkun. Ní ọjọ́ tí ó bá yí padà, yóò da ikùn délẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, yóò sì di edé lójijì, bí ẹni pé kò fi ìgbà kankan rí ayé lódìkejì rí.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ń wá ọ̀nà edé kiri, ọ̀nà náà gan-an ń dínkù ní Ìkẹjà àti Agége. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1901, ni ó kọ́kọ́ gba àárín ilẹ̀ Àwórì yìí kọjá, nígbà tí Agége ṣì jẹ́ ilẹ̀ oko obì àti kòkó. Láàárín 1910 sí 1915 ni a kọ́ ilé iṣẹ́ omi Ìjù, nítòsí Agége, láti máa fa omi lọ fún Èkó. Ní òpin àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, tí Ìkẹjà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ní 1962 ni Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkẹjà, àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ, táyà, oògùn àti oúnjẹ sì ń dé tẹ̀ lé ara wọn. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 27 Oṣù Karùn-ún 1967, tí Ìkẹjà sì di olú ìlú rẹ̀ ní 1976, ilé ti gba orí ilẹ̀ tí omi òjò ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀.

Odò kékeré kan wà tí ó sọ gbogbo èyí ní ṣókí, ìyẹn Ìyá-Aláró, tí ó ń ṣàn láti ìhà Ìkẹjà àti Òrégùn lọ sí Ògúdù kí ó tó wọ ọ̀sà. Aláró ni ẹni tí ń pa aṣọ láró, ó sì dunni pé orúkọ tí ń rántí ìkòkò aró ni odò yìí ń jẹ́ nígbà tí omi àwọ̀ àti kẹ́míkà láti ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ inú rẹ̀. Èlú aláró ti inú ewé wá, ó sì ń padà di ilẹ̀. Àwọn irin àti kẹ́míkà inú omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ kì í lọ bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n ń sùn sí, níbi tí edé ti ń jẹ̀. Ẹran tí ó ń bọ́ awọ rẹ̀ léraléra láti lè dàgbà, tí ara rẹ̀ sì ń rọ̀ bẹ̀tẹ̀bẹ̀tẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ó bá bọ́ ọ, kì í ṣe ẹran tí ó lè fara da irú omi bẹ́ẹ̀.

Ní òkè odò ńkọ́? Ní 1983 ni a ṣí ìsédò Ọ̀yán, lórí ọ̀kan nínú àwọn odò tí ń ṣàn sínú Ògùn, kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi mu. Láti inú omi Ògùn tí ìsédò yìí ń dá dúró tí ó sì ń tú sílẹ̀ ni ilé iṣẹ́ omi Ìjù àti ti Adíyàn, tí a ṣí ní 1991, ti ń pèsè omi ẹ̀rọ. Èrè rẹ̀ hàn gbangba. Ṣùgbọ́n ní àwọn abúlé etí adágún tí ìsédò náà bí, àtọ̀sí ajá gbalẹ̀, àìsàn tí kòkòrò rẹ̀ ń gbé inú ìṣáwùrú kí ó tó wọ ara ènìyàn láti inú omi. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà jẹ́ kí a mọ ìbátan tí ó wà láàárín èyí àti edé. Lẹ́yìn tí ìsédò Diama parí ní 1986 ní ìsàlẹ̀ Odò Sẹ̀nẹ̀gà, tí ó sì ya omi iyọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára omi dídùn, edé vollenhovenii, tí ìṣáwùrú jẹ́ ọ̀kan nínú oúnjẹ rẹ̀, kò rí ọ̀nà lọ sí inú iyọ̀ mọ́, àtọ̀sí ajá sì tàn ká òkè odò náà. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé nígbà tí a dá edé yìí padà sínú omi abúlé Lampsar, ìṣáwùrú tí ó ní kòkòrò náà dínkù, àìsàn náà sì rọlẹ̀ lára àwọn ará abúlé. Edé tí a kà sí èròjà ọbẹ̀ lásán, olùṣọ́ omi ni.

Bí a bá rántí pé ọmọ edé odò kò lè yè láìsí iyọ̀, a ó mọ ìdí tí ẹja àrọ̀ fi wọ ẹ̀yìnkùlé Agége tí edé kò sì wọ ibẹ̀. Ọmọ àrọ̀ kò mọ iyọ̀ rárá. Abẹ́rẹ́ kan tí ń mú ẹyin gbó ni a ó gún abo, a ó fún ẹyin rẹ̀ jáde sínú abọ́, a ó da omi àtọ̀ akọ lé e, ní bí ọjọ́ kan, ọmọ ti ń gbọ̀n nínú ọpọ́n ike. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó fi rọrùn fún òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tàbí ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì láti mọ adágún síméǹtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kí ó gbẹ́ kànga, kí ó sì di àgbẹ̀ ẹja. Ẹja tí a ń sìn ní Nàìjíríà, tí àrọ̀ jẹ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, lé díẹ̀ ní tọ́ọ̀nù 25,000 ní ọdún 2000. Ní 2014, ó ti lé ní 300,000. Edé kò ní ìpín nínú ìdàgbàsókè yìí, kì í sì í ṣe pé owó rẹ̀ kò dára lọ́jà. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́ ọ ní láti ní omi méjì, kí ó sì mọ ìgbà tí a ń ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì.

Ìkẹjà ní ọ̀nà mìíràn tí ó fi kan edé, ọ̀nà ojú òfuurufú. Pápákọ̀ òfuurufú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí a sọ ní orúkọ Murtala Muhammed, tí ilé èrò tuntun rẹ̀ sì ṣí ní 1979, ni ẹja ọ̀ṣọ́ Nàìjíríà ń gbà jáde. Ẹja ọ̀ṣọ́ ni èyí tí a kì í jẹ, tí a ń sìn nínú àpótí dígí nítorí ẹwà rẹ̀. Àṣà náà gbilẹ̀ ní ìlú London láti 1853, nígbà tí ọgbà ẹranko ibẹ̀ ṣí ilé ẹja rẹ̀, Philip Henry Gosse sì fún àpótí náà ní orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é, aquarium, ní 1854. Lára àwọn tí ń ti Nàìjíríà lọ ni Atya gabonensis, edé aláwọ̀ eérú tàbí búlúù tí apá rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀mú rárá, abẹ̀bẹ̀ ni: yóò dojú kọ ìṣàn, yóò tẹ́ abẹ̀bẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò fi wọ́n sẹ́ omi, yóò sì máa kó ohun tí ó bá bá níbẹ̀ sẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ọ̀rá tí a fẹ́ ọ́síjìn sí ni a ń dì í sí, ọ̀rá wọ páálí fóòmù, páálí wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ọmọ rẹ̀ náà ń fẹ́ omi iyọ̀, ó sì ṣòro tó bẹ́ẹ̀ láti tọ́ débi pé inú odò Áfíríkà ni a ti mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú gbogbo èyí tí ó wà nínú àpótí dígí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo edé ni ó di dandan kí ọmọ rẹ̀ rí iyọ̀. Nínú odò kékeré abẹ́ igbó ní gúúsù Nàìjíríà, níbi tí ewé jíjábọ́ ti tẹ́ ilẹ̀ omi, ni Desmocaris trispinosa ń gbé, edé kékeré tí ara rẹ̀ mọ́ gaara tí Aurivillius sọ lórúkọ ní 1898. C. B. Powell, tí ó ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí edé gúúsù Nàìjíríà, ni ó fi hàn ní 1979 pé edé yìí ti gé ìgbà èwe kúrú: ẹyin díẹ̀ ni ó ń yé, ṣùgbọ́n ẹyin náà tóbi, oúnjẹ ọmọ sì wà nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ọmọ bá jáde, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ìyá rẹ̀ tán. Irú ìwà yìí kan náà ni ó sọ edé pupa kékeré ti ìhà Ṣáínà àti Taiwan, Neocaridina davidi, di ààyò àwọn tí ń sin edé nínú ilé káàkiri ayé. Irú èyí tí ó wà ní ilẹ̀ wa kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ilé wa.

Ẹni tí ó bá fẹ́ sin irú edé bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹjà yóò bá ìtàn agbègbè náà pàdé nínú omi ilé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ láti Ìjù, kolorínì tí a fi pa kòkòrò inú rẹ̀ yóò pa edé pẹ̀lú, nítorí náà a ó pọn ọ́n sínú korobá tí kò ní ìdérí fún ọjọ́ kan ó kéré tán, a ó sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ omi kànga ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ irú omi bẹ́ẹ̀ ní Èkó ni ó kan díẹ̀, tí kò sì ní èròjà tí edé fi ń ṣe èèpo ara, a ó sì fi ìkarahun ìṣáwùrú tàbí ti ìgbín tí a fọ̀ mọ́ sínú rẹ̀. Ewé gbígbẹ ni a ó tẹ́ sísàlẹ̀, kí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ lè rí ibi sá pamọ́ sí, nítorí edé a máa jẹ edé tí ara rẹ̀ rọ̀. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí ń lo bátìrì kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn ní ìlú tí iná mọ̀nàmọ́ná ń lọ tí ó ń bọ̀. Wákàtí díẹ̀ láìsí atẹ́gùn lè pa ohun tí a ti ń tọ́ láti oṣù mélòó kan.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sì fà sí edé ńlá ti Odò Ògùn fúnra rẹ̀ yóò gbé àpótí méjì kalẹ̀, omi dídùn nínú èyí tí ìyá wà, nínú èkejì ìdá kan omi òkun tí a sẹ́ mọ́, tí a fi ìdá méjì omi dídùn là, nítorí iyọ̀ ìdáná nìkan kò ní gbogbo ohun tí ó wà nínú òkun. Ní òru tí ẹyin bá di eérú tí ojú ọmọ sì hàn nínú rẹ̀, yóò tan iná sí igun kan àpótí ìyá, àwọn ọmọ yóò wá síbi ìmọ́lẹ̀ náà pẹ̀lú ikùn lókè àti ìrù níwájú, yóò sì fi ife bù wọ́n, yóò máa kán omi iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, yóò wá gbé wọn láti orí tábìlì kan dé orí èkejì, ìrìn tí Ògùn ń fi ọjọ́ púpọ̀ gbé wọn láti òkè Ìṣẹ̀rí dé ọ̀sà.